Awò Ojú Màmá Aláìlórúkọ

Bí awò ojú náà ṣe bọ́ sórí imú Màmá báyìí, gbogbo ojú tó wà ní ọ́fíìsì yí sí i. Arúgbó tó jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé ilé ìtọ́jú yìí, ògiri ló máa ń fọwọ́ tọ̀ kó tó mọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà, ló ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó tún un ṣẹ́, ó wá na ìka sí kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri lọ́hùn-ún.

"Ọ̀kín nìyẹn," ó ní. "Ẹ wo ìrù rẹ̀."

Lóòótọ́, ọ̀kín ni wọ́n yà síbẹ̀. Ìyáàfin Comfort, alábòójútó ilé ìtọ́jú náà, pàtẹ́wọ́, ó sì fò sókè bí ọmọdé.

"Yéè! Wọ́n ríran! Ojú ló ń da Màmá láàmú látọjọ́ yìí, a ò mọ̀! Àwa rò pé ọgbẹ́ orí ló fà á."

Ọkùnrin tó gbé awò náà wá rẹ́rìn-ín músẹ́. Jàlámíà funfun báláú ló wọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. "Ṣé ẹ wá gbà báyìí, Mọ́mì? Ta ni ì bá ní awò tó bá ojú ìyá mi mu báyìí, bí kì í bá ṣe èmi ọmọ wọn?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pàtẹ́wọ́ nínú yàrá náà. Inspẹ́kítọ̀ Kíkẹ́lọmọ Ọláníyan fẹ̀yìn ti fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ Màmá. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Òun ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Màmá lé lọ́wọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko ló rí obìnrin náà nínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Alajue, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lórí, ó ń dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ilé ìwòsàn tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, ọgbẹ́ náà sì jinná, ṣùgbọ́n ìrántí kò bá a padà wálé. Kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò mọ ilé. Kò mọ ẹni tó fọ́ ọ lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìpínlẹ̀ ló gbà á, tí wọ́n mú un wá síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò ní olùrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ lórí rédíò pé ẹni tó bá mọ arúgbó kan tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ní àpá iná lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, kó yọjú.

Ọkùnrin yìí ló yọjú. Usamah ló pe ara rẹ̀.

"Bùọ̀dá Usamah," ni Kíkẹ́lọmọ wí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn ni, "báwo ni Màmá ṣe jẹ́ sí yín gan-an?"

"Ìyàwó bàbá mi ni wọ́n, Mádàámú. Àwáwù ni orúkọ wọn. Wọn ò bímọ kankan láyé, èmi ni wọ́n fi ṣe ọmọ. Ìgbà tí bàbá wa kú, èmi àti àwọn nìkan ló ṣẹ́kù sínú ilé."

"Níbo lẹ ti rí awò yìí?"

"Lórí ìrọ̀rí wọn. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde nílé."

"Ẹyọ kan yìí náà ni wọ́n ní?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí kí n ra tuntun, wọn ò gbà. Ẹ mọ àwọn àgbà."

"Níbo ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà?"

"Wọ́n ní àwọn ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Èmi fúnra mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Mo wá rò pé láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gba Ìlọrin lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ rédíò ni àyà mi já."

Gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ló ń wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó kọsẹ̀. Usamah bẹ̀rẹ̀ níwájú arúgbó náà. "Màmá, Usamah yín ni. Mo wá mú yín relé."

Gbogbo ara Màmá wá ń gbọ̀n. Ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú àga.

"Ayọ̀ ni," ni Ìyáàfin Comfort wí, ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ayọ̀ ló ń mú wọn gbọ̀n."

Kíkẹ́lọmọ sún mọ́ Màmá láti fi í lọ́kàn balẹ̀. Híjáàbù tí wọ́n wọ̀ fún un nílé ìtọ́jú bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà kó lè tún apá awò náà gbé lé etí dáadáa, ìka rẹ̀ sì kan ohun kan: òwú. Wọ́n fi òwú dì í níbi tó ti ṣẹ́. Ohun kan tún wà nínú òwú náà, tó gún un lọ́wọ́ bí ẹ̀gún kékeré. Ó fà á yọ, kò wò ó, ó dì í sínú háńkáṣíìfù rẹ̀.

"Òfin wa ni pé a kì í fa àgbàlagbà tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́," ni Ìyáàfin Comfort ń sọ fún Usamah, "àfi bí wẹ́fíà bá dé ilé tí wọ́n ń gbé e lọ, tí wọ́n rí i pé ibẹ̀ dára. Wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ ṣe sùúrù."

"Kò sí wàhálà kankan, Mọ́mì," ni Usamah dáhùn. "Màá dúró."

*

Kò pẹ́ rárá tí ariwo fi sọ lẹ́nu géètì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan fò sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìdí rẹ̀ kò tíì kúrò lórí rẹ̀ tán tó ti ń sáré. Ó gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ́nà kọjá, ó já wọ ọ́fíìsì.

"Màmá mi! Màmá mi dà?"

Ó rí arúgbó náà, ó wó lulẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Màmá wo orí tó sùn lé e lẹ́sẹ̀. Ó gbójú sókè wo Comfort.

"Ta lèyí?"

Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní Naimat lòun ń jẹ́, ó ní tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lòun ní Awo, ó ní òun nìkan ni ọmọ tí ìyá òun bí. Wọ́n bi í pé àmì wo ló mọ̀ lára ìyá rẹ̀? Àpá iná ọwọ́ ọ̀tún, epo àkàrà ló ta sí i nígbà tí òun wà ní kékeré.

Sájẹ́ǹtì Samuel, ọmọ iṣẹ́ Kíkẹ́lọmọ, yínmú. "Rédíò ti sọ ìyẹn fún gbogbo Ọ̀ṣun, àǹtí."

Naimat yíjú, ó rí Usamah. "Bùọ̀dá Usamah! Ẹ sọ fún wọn! Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí!"

Usamah mi orí, àánú kún ojú rẹ̀. "Mi ò rí ọmọbìnrin yìí rí láyé mi. Ó ní láti jẹ́ pé ó gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu aṣọ́nà."

"Bùọ̀dá!"

"Mádàámú," ni Samuel sọ sí ọ̀gá rẹ̀ létí, "gbájú-ẹ̀ lèyí. Ẹ rántí àwọn tí a mú lọ́jọ́sí, tí wọ́n ń pe ara wọn lọ́mọ arúgbó, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ ṣagbe ní ìlú ńlá? Ọkùnrin yìí mú ẹ̀rí wá. Kí lọmọbìnrin yìí mú wá? Ẹkún."

Kíkẹ́lọmọ kò lè sọ pé irọ́ ni. Irú rẹ̀ ti ṣojú rẹ̀. Wọ́n máa ń wá pẹ̀lú ẹkún, ẹkún náà sì máa ń dùn-ún gbọ́.

"Mú un bọ̀ ní yàrá ìjẹun," ó ní. "Mo fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ díẹ̀."

*

Yàrá ìjẹun ń rùn fún ẹ̀wà. Naimat jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi fóònù rẹ̀ han Samuel. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, arúgbó kan tó gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó tẹrí ba wo ọmọ náà, híjáàbù sì bo ìlàjì ojú rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni lèyí lè jẹ́," ni Samuel wí.

"Ọmọ mi àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé dání yẹn!"

"Gbé fóònù sílẹ̀," ni Kíkẹ́lọmọ wí. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó kọjú sí i. "Ìgbà wo lo rí ìyá rẹ gbẹ̀yìn?"

"Iléyá. Lẹ́yìn náà ni Bùọ̀dá Usamah pè mí pé wọ́n ti lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àbúrò wọn, pé wọ́n fẹ́ sinmi. Àbúrò wọn ò ní fóònù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló máa mú mi má gbà? Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó nu imú. "Òwúrọ̀ òní ni ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé òun gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Nígbà tó o wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí lo kọ́kọ́ wò lára wọn?"

"Ojú wọn."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá awò wọn wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rí i níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé ara wọn dá."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé awò wọn ni? Gbogbo awò kúkú jọra."

"Èmi ni mo tún un ṣe. Apá kan rẹ̀ ṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá, ọmọ mi ló jókòó lé e. Òwú dúdú tí mo fi ń dirun ni mo fi dì í. Mo ní kí n lọ rà tuntun, wọ́n ní kí n má fowó ṣòfò, pé òwú ọmọ àwọn dára ju irin lọ."

Samuel rẹ́rìn-ín. "Ó rí i nínú ọ́fíìsì ni, Mádàámú. Ọlọ́gbọ́n ni."

Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó rora yíjú sí i.

"Samuel, ìwọ náà wà nínú ọ́fíìsì. Àwọ̀ wo ni òwú tó wà lára awò náà?"

Samuel fọwọ́ họ orí.

"O ò rí òwú kankan, àbí? Èmi náà ò rí i. Abẹ́ híjáàbù ló wà. Ìka mi ló kàn án. Orí ẹsẹ̀ Màmá ni ọmọ yìí sùn sí látìgbà tó ti wọlé, kò fọwọ́ kan híjáàbù rárá. Ẹni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ láìká aṣọ náà sókè, òun ló fi í síbẹ̀."

Naimat bú sẹ́kún tuntun. Ara Kíkẹ́lọmọ ti ń yá, bó ṣe máa ń yá bí okùn ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ láàárín àwọn bẹ́ǹṣì.

"Ó dára. Ọmọ nìwọ. Usamah sì ní Màmá ò bímọ. Ìyẹn ti di irọ́ kan. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́ bá ní òun ò mọ̀ ọ́, ó ní ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. Naimat, fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ṣé ìyá rẹ lè jáde nílé láìfi awò sójú?"

Naimat rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Láìfi awò sójú? Mádàámú, wọn ò lè rí ìlẹ̀kùn. Nígbà kan tí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ kí wọ́n lè bọ́jú, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ni wọ́n ń kí: 'Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá.' Bí wọ́n bá jí, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ sílé kẹ̀? Láéláé!"

Kíkẹ́lọmọ dúró. Ó fa háńkáṣíìfù rẹ̀ yọ, ó tú u sórí tábìlì. Ohun tó fà yọ nínú òwú ló wà níbẹ̀: èso koríko kékeré kan tó kún fún ìkọ́ tín-ín-rín, eèmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó bá gba inú igbó kọjá. Erùpẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára.

"Samuel," ó ní, "ṣé eèmọ́ máa ń hù lórí ìrọ̀rí ni?"

Samuel wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Inú koríko ni awò yìí ti bọ́," ni Kíkẹ́lọmọ ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ ń yára. "Ojú Màmá ló wà nígbà tó jáde nílé. Ibi tí Màmá ṣubú sí ló ṣubú sí. Àwọn àgbẹ̀ tó gbé Màmá kò rí i, nítorí pé ẹnì kan ti ṣáájú wọn mú un lọ. Ẹni tó lè mú un níbẹ̀ ni ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí orí Màmá fọ́. Ẹ̀rí tó mú wá pé òun lọmọ, ẹ̀rí pé òun lọ̀daràn ni. Màmá kò sì gbọ̀n fún ayọ̀. Orí rẹ̀ gbàgbé ọkùnrin yẹn, ara rẹ̀ ò gbàgbé!"

Ó ti ń sáré kó tó sọ̀rọ̀ náà tán.

*

Ọ́fíìsì ṣófo.

Ìyáàfin Comfort ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé oògùn, ó gbé ife omi àti oògùn Màmá lọ́wọ́. "Ṣé wọn ò sí níbẹ̀ ni? Bùọ̀dá ní òun gbé oúnjẹ wá nínú ọkọ̀, pé òun fẹ́ kí Màmá tọ́ ọ wò. Mo ní kí wọ́n má kọjá iwájú ilé o! Mo ní kí n sáré mú oògùn..." Ife náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Géètì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá Rájí, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ń bá aṣọ́nà jà.

"Mo pariwo fún un! Mo ní kó má ṣí i! Ó ní ọmọ wọn ni, pé kí n má da ìdílé onídìílé rú! Ṣé ọmọ ló máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá ẹ̀? Ìyá yẹn ń fi ọwọ́ lu gíláàsì ọkọ̀!"

"Ibo ni wọ́n gbà, Bàbá?" ni Kíkẹ́lọmọ bi í.

"Ọ̀nà Alajue. Wọn ò tíì jìnnà."

Ọlọ́kadà tó gbé Naimat wá ṣì dúró, ó ń retí owó rẹ̀. Kíkẹ́lọmọ fò sẹ́yìn rẹ̀. "Wakọ̀! Ọlọ́pàá ni mí. Samuel, gbé ọkọ̀ wa, tẹ̀ lé mi, kó o pe àwọn tiwa tó wà lójú ọ̀nà!"

"Mádàámú, èmi ò..." ni ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í wí.

"Wakọ̀, ọ̀rẹ́ mi!"

Ọ̀kadà ta kìjí bọ́ sójú títì. Afẹ́fẹ́ ń fa fìlà Kíkẹ́lọmọ, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Orí rẹ̀ ń yára ju táyà lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ Alajue? Ọjà ló wà lọ́nà ìgboro, ọkọ̀ á dúró, àwọn èèyàn á rí arúgbó tó ń lu gíláàsì. Ọ̀nà oko nìkan ló dá. Ṣùgbọ́n òjò àná ti ba ọ̀nà oko jẹ́, ọkọ̀ ńlá kò sì lè sáré nínú kòtò. Ọ̀kadà lè sáré.

"Ṣé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó lè yọ wá síwájú wọn?"

"Ó wà, láàárín ẹ̀gẹ́! Àmọ́ ẹ dì mí mú!"

Wọ́n yà. Ewé ẹ̀gẹ́ ń nà wọ́n lójú, ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kadà fẹ́ dojú dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kadà fi ẹsẹ̀ gbé e dúró, ó ń kígbe bí ẹni tó ń jó. Nígbà tí wọ́n já sójú ọ̀nà padà, ọ̀nà náà dá páropáro. Kíkẹ́lọmọ sọ̀kalẹ̀. Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́yìn kọ̀rọ̀, ó lọ dúró sáàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Ọkọ̀ Usamah yọ. Ó fọn fèrè. Ó tún un fọn. Kíkẹ́lọmọ kò yẹ̀. Táyà lọ́ nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ náà dúró ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan eékún rẹ̀.

Usamah yọ orí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mádàámú! Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gbà."

"Ọkọ̀ tó ti gíláàsì pa, afẹ́fẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ pa ọkọ̀, kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀."

Kò pa á. Kíkẹ́lọmọ rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi jíà, ó sì mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń rò ó bóyá kó gba orí òun kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

Ìgbà náà ni igbe ta láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Ibí ni!"

Màmá ti lẹ ojú mọ́ gíláàsì. Láti inú awò tí Usamah fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ̀ ọ́, ó ń wo afárá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wo koríko gíga tó yí i ká.

"Ibí yìí ni! Afárá yẹn ni mo forí gbá! Usamah, ìwọ lo tì mí! Mo ní mi ò kúrò nínú yàrá mi, o sì tì mí!"

Ojú Usamah yí padà. Ó já ìlẹ̀kùn ṣí, ó fi ọkọ̀ àti ìyá sílẹ̀, ó kó sínú koríko. Kò sáré jìnnà. Jàlámíà há a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Ọkọ̀ Samuel dé, Samuel fò sínú koríko, ó sì fà á jáde ní kọ́là. Aṣọ funfun báláú náà ti kún fún eèmọ́ láti òkè délẹ̀.

"Ẹ wò ó, Mádàámú," ni Samuel wí, ó ń mí gùlegùle. "Orí ìrọ̀rí ló ti ń bọ̀."

*

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, ohùn rírọ̀ ti tán lẹ́nu Usamah. Ó jẹ́wọ́ pé ilé bàbá wọn lòun fẹ́ wó, ẹnì kan fẹ́ kọ́ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì síbẹ̀. Gbogbo èèyàn ti gbà, àfi arúgbó tó ní inú yàrá tí ọkọ òun fi òun sí ni òun máa kú sí. Ó tàn án pé kó jẹ́ kí òun lọ fi yàrá tó dára hàn án ní Alajue. Ojú ọ̀nà ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Ó tì í, orí rẹ̀ gbá afárá, kò mira mọ́. Usamah rò pé ó ti kú. Ó mú awò náà nítorí pé kò sẹ́ni tí kò mọ òwú dúdú yẹn ní agboolé wọn. Bí wọ́n bá rí òkú láìrí awò, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Àfi ìgbà tí rédíò sọ pé arúgbó kan wà láàyè, tí ẹ̀rù bà á pé ó lè rántí òun lọ́jọ́ kan.

"Ká ní mo kàn dákẹ́ ńkọ́?" ló bi Kíkẹ́lọmọ. "Ká ní mi ò lọ sílé ìtọ́jú yẹn rárá?"

"Ẹ̀rù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́," ni Kíkẹ́lọmọ dá a lóhùn. "Ẹ lọ jókòó."

*

Àwọn wẹ́fíà ti dé nígbà tí Kíkẹ́lọmọ tún wọ ilé ìtọ́jú. Wọ́n jókòó ti Naimat, wọ́n ń bi í nípa ilé rẹ̀ ní Awo: ṣé omi wà nítòsí, ta ni yóò máa wà pẹ̀lú Màmá bí ó bá lọ síbi iṣẹ́, ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Naimat ń dáhùn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ìdánwò. Wọ́n ní àwọn yóò wá wo ilé náà. Kó tó dìgbà yẹn, kó máa wá bí ó bá ṣe fẹ́, kó máa bá wọn wẹ̀ ẹ́, kó máa fún un lóúnjẹ, kí ojú wọn lè mọ ara.

"Wọ́n rántí Bùọ̀dá Usamah," ni Naimat sọ fún Kíkẹ́lọmọ lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n rántí afárá. Wọ́n rántí yàrá wọn. Kí ló dé tí wọn ò rántí mi?"

Kíkẹ́lọmọ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó sì tì í síwájú díẹ̀.

Màmá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà, ẹnu rẹ̀ ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí Bàbá Rájí fún un. Naimat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ orúkọ ara rẹ̀, ẹkún ni ó jáde dípò orúkọ. Ó sun ún títí, èjìká rẹ̀ ń mì.

Màmá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó na ọwọ́ tó ní àpá iná náà, ó sì fi àtàńpàkò nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó nu òsì.

"Mi ò mọ̀ ọ́, ọmọ," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n bó o ṣe ń sunkún ìyá rẹ yìí, obìnrin rere ni yóò jẹ́. Wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, kó o sọ fún mi bó ṣe rí."